Láwàní Aláwọ̀ Ewé Tí Bàbá Hásínà Wé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Tasuwáhínì, ni ìyàwó Jásíbù, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Hásínà. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí túmọ̀ sí "ó tó gbogbo wọn." Bàbá wa ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn ẹbí ń kẹ́dùn pé obìnrin ni wọ́n tún bí. Jásíbù máa ń sọ pé òun kò mọ àwọn wo ni "gbogbo wọn" náà, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ẹnu ni, ó tó wọn, ó tún ṣẹ́kù.

Ẹní ni Jásíbù ń hun. Eèsún inú irà wa ní Hámárì ló ń gé, òun ló ń là á, òun ló sì ń lù ú títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ kó tó máa hun ún. Ìka ọwọ́ rẹ̀ le bíi pátákò ẹfọ̀n. Kò ga, kò sanra, kò sì sí ohun kan tí ó ń ṣe ní pẹ̀lẹ́tù. Gbígbóná ló ń jẹun, sísáré ló ń rìn. Bó bá dúró kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n óò ṣì wà ní rúkúù nígbà tí òun ti sálámà tán tí ó ń wá bàtà rẹ̀. Mo ti bá a sọ ọ́ títí.

"Ọlọ́hun kì í ṣe adití," ló máa fi dá mi lóhùn. "Ohun tí mo bá bá A sọ kíá, kíá náà ló ń gbọ́ ọ."

Èmi máa ń fa tèmi gùn. Àwọn èèyàn rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni, bẹ́ẹ̀ náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Nígbà mìíràn mo kàn ń fi orí kanlẹ̀ síbẹ̀ bóyá n óò gbọ́ nǹkan ni.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ọkùnrin kì í jáde láìwé láwàní. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni tí ojú tì, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé ló ń fi orí lásán rìn. Láwàní la sì máa ń kọ́kọ́ wò kí a tó wo ojú ẹni tó ń bọ̀. Dúdú lórí funfun ni tiwa, àwa ará irà àti àwọn àgbẹ̀ etí odò. Bí o bá rí pupa lórí funfun, ará aṣálẹ̀ nìyẹn, ràkúnmí rẹ̀ wà nítòsí. Funfun gbòò jẹ́ ti ìgbà ooru, tàbí ti ẹni tí kì í fọwọ́ kan ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀, ẹ dìde: Sàyídì ni, ìran ilé Ànábì. A ó fẹnu ko èjìká rẹ̀, a ó fún un ní ìjókòó tó dára jù lọ. Bí ìjà bá ń lọ lọ́wọ́ tí ó sì dé, ìjà náà dúró nìyẹn. A kì í gbé ohun ìjà sókè níwájú àwọ̀ ewé.

Kò sẹ́ni tó ń jiyàn lórí àwọ̀. Iṣẹ́ ọnà tó wà lára aṣọ náà ni Jásíbù fi ń da ilé tíì rú.

"Àwọ̀n ẹja ni," àwọn apẹja á wí. "Ṣé ẹ ò rí ihò ihò rẹ̀ ni?"

"Ẹní ni," Jásíbù á dáhùn. "Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó kọ́kọ́ hun ún, ẹní ni bàbá rẹ̀ ń hun."

"Ìlà tó yí etí rẹ̀ ká ńkọ́? Ìgbì omi kọ́ nìyẹn?"

"Etí ẹní ni!"

"Àwọn ará aṣálẹ̀ náà ní in lára tiwọn. Ṣé àwọn náà ń hun ẹní ni?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ní àwọ̀n ni, ẹ sọ ẹja tí wọ́n ń fi pa nínú iyanrìn fún mi!"

Ní Àlàrùbá tí ìgbéyàwó Hásínà ku ọ̀la, ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ irun àgùntàn sínú aró, èyí tí yóò fi parí kápẹ́ẹ̀tì tí ọmọ rẹ̀ máa gbé relé ọkọ. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mo ń mu tíì. Jásíbù ti pinnu pé láwàní òun gbọ́dọ̀ mọ́ fún ìyàwó. Ó kánjú wọ ẹ̀yìn ilé, ó rí omi nínú ìkòkò, ó ju láwàní sí i, ó sì fi igi rò ó dáadáa.

Igbe ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbọ́.

"Bàbá Hásínà! Kí lẹ kó sínú ìkòkò mi?"

"Láwàní mi ni. Mo ní kí n má yọ ẹ́ lẹ́nu."

"Aró ni!"

"Aró báwo? Omi ọṣẹ ni."

"Ọṣẹ aláwọ̀ ewé?"

"Mo rò pé ọṣẹ tuntun ni."

Nígbà tí wọ́n fi igi gbé e jáde, gbogbo ibi tó funfun lára rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Iṣẹ́ ọnà dúdú náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n o ní láti sún mọ́ ọn kí o tó rí i. Tíì gba imú mi jáde níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí àbúrò Mísíbánì fi tukọ̀ dé, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mísíbánì yìí ni bàbá Káyúnù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò fẹ́ Hásínà lọ́la.

"Àna wa, ẹ gbà wá," ó ní. "Àwọn daran-daran ẹfọ̀n kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wá láti ìlà oòrùn. Ẹfọ̀n wọn wọ inú eèsún tí a tò sílẹ̀. Káyúnù fi ọ̀pá ọkọ̀ lé e, ni ìwo rẹ̀ bá ṣẹ́. Sábútì, àgbà wọn, ti kó àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wá báyìí, pẹ̀lú ìbọn àti ọ̀kọ̀ ẹja. Wọ́n ní apá tó ṣẹ́ ìwo, àwọn máa ṣẹ́ ẹ lónìí. Àwa náà ti gbé ìbọn jáde. Ẹ máa bọ̀, bóyá wọ́n á gbọ́ ti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé wa."

Ìgbàyẹn ni ẹ̀rín tán. Gbogbo wa mọ̀ pé bí ìjà yẹn bá bẹ́, kò ní í sí ìyàwó lọ́la, bóyá kò tilẹ̀ ní í sí ọkọ. Hásínà ti jáde sí ẹnu ọ̀nà, làálì tútù wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó nà wọ́n síwájú bí ẹni tó gbé àwo.

"Bàbá, ẹ lọ," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú sọ̀rọ̀."

Jásíbù fọwọ́ kan orí pípá rẹ̀. "Láwàní ogbó mi dà?"

"Òun ni mo fi ń sẹ́ wàrà," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ẹ̀yin náà lẹ fún mi."

Ó yíjú sí mi. "Yá mi ní tìẹ."

"Kí èmi wá fi kí ni borí? Ìkòkò?"

Kò sí àyè fún àríyànjiyàn. Ó fún aró náà nù, ó wé e ní tútù bẹ́ẹ̀, ó fi okùn dúdú tí a fi ń de láwàní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì fò sínú ọkọ̀. Èmi ni mo ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Àbúrò Mísíbánì ti ṣáájú lọ.

Nígbà tí a dé ibi tí omi ti fún, òógùn ń bọ́ lára mi, a sì yà lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta tíì létí odò láti tọ́ omi wò. Obìnrin náà dìde, ó fọwọ́ lé àyà, ó bu tíì fún wa, kò sì gbowó.

Inú Jásíbù dùn débi pé ó gbàgbé ibi tí à ń lọ díẹ̀. "Ṣé o rí i? Ìwà àwọn èèyàn ti dára sí i."

"Bàbá Hásínà, àwọ̀ ni wọ́n ń kí."

"Jẹ́ kí wọ́n kí i. Ó ti pẹ́ tí orí yìí ti ń wá ẹni tí yóò kí i."

A kò tíì jìnnà síbẹ̀ tí obìnrin mìíràn fi ń sáré tẹ̀lé wa létí omi, tí ó ń fa ẹfọ̀n kan lókùn. "Sàyídì wa! Ẹ dúró, ẹ wo ojú Ọlọ́hun! Láti ìgbà tí ọmọ ẹfọ̀n mi yìí ti kú ló ti di wàrà rẹ̀ mú. Ẹ bá mi ṣàdúà sí i."

Jásíbù la ẹnu, ó pa á dé. Okùn ẹfọ̀n ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, mo wo omi. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí ẹranko náà, ó sì sáré ṣàdúà bó ṣe ń ṣe nílé: "Ọlọ́hun, Ìwọ lo ni ẹfọ̀n, Ìwọ lo ni wàrà. Jẹ́ kí ìkejì jáde lára ìkíní. Àmín."

Obìnrin náà ṣe àmín pẹ̀lú omi lójú. Èmi ṣe tèmi, ṣùgbọ́n kò kọjá eyín mi.

Nígbà tí a tún wọ inú omi, Jásíbù kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Kò dára, àbí?"

"Kò dára."

"Mo fẹ́ sọ fún un."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kánjú sọ̀rọ̀?"

"Ìyẹn nìkan ni mi ò kánjú sọ rí láyé mi."

A gbọ́ ariwo wọn kí a tó rí wọn. Àwọn ará ilé Mísíbánì wà níwájú ilé àlejò wọn tí a fi eèsún kọ́, àwọn ará Sábútì wà nínú ọkọ̀ wọn àti létí omi, ìbọn kọjú síbọn. Ní àárín, wọ́n so ẹfọ̀n kan tí ìwo kan rẹ̀ ti ṣẹ́ mọ́ èèkàn, bí ẹni tó wá jẹ́rìí. Jásíbù dìde dúró nínú ọkọ̀ kó lè ríran. Oòrùn bọ́ sórí láwàní rẹ̀.

"Sàyídì dé!" ẹnìkan kígbe láàrin àwọn ará Sábútì. "Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Ẹ sọ ìbọn kalẹ̀, Sàyídì ni!"

Bí wọ́n ṣe ń gbé ìbọn àti ọ̀kọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Àwọn ará ilé Mísíbánì mọ Jásíbù dáadáa, orí ẹní tó hun ni wọ́n ń sùn. Mo rí wọn tí wọ́n ń fi etí láwàní tiwọn bo ẹnu. Káyúnù, ọkọ ìyàwó, kọjú sí ògiri, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. Mísíbánì fúnra rẹ̀ jáde wá pàdé wa, ó fẹnu ko èjìká àna rẹ̀ bí ẹni tó ń kí Sàyídì tòótọ́, ó sì sọ sí i létí pé:

"Jásíbù, dákẹ́. Bí o bá fẹ́ràn ọmọ rẹ, sáà dákẹ́."

Sábútì sún mọ́ wa. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ti sunkún. "Sàyídì wa, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ìbínú wa kò tíì tán, ṣùgbọ́n nítorí yín la ṣe sọ ìbọn kalẹ̀. Ohun tí ẹ bá dá lẹ́jọ́ la ó gbà. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ bá wa ṣàdúà, kí ẹ sì dárúkọ àwọn bàbá ńlá yín títí dé ilé Ànábì, kí a lè mọ ẹni tí à ń ṣe àmín fún."

Ẹni bá pe ara rẹ̀ ní ìran Ànábì láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ru ẹrù tí yóò rù dé iwájú Ọlọ́hun, kò sẹ́ni tí kò mọ èyí lára wa. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ni, Káyúnù á sì sùn pẹ̀lú apá méjèèjì. Èmi tí mò ń fa ìrun gùn, mo ń bẹ Ọlọ́hun lọ́kàn mi pé kí ó jẹ́ kí ọkùnrin yìí purọ́. Mo bẹ̀ Ẹ́ gidi. N kò mọ̀ bóyá mo tíì bẹ̀ Ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí Jásíbù tí ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Aró ń kán láti etí láwàní rẹ̀ sórí aṣọ.

"Ẹní ni mò ń hun," ó wí níkẹyìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹní ni mò ń hun. Jásíbù ni mí, ọmọ Jábárù ahunní. Kò sí Ànábì kankan nínú ìdílé wa. Inú ìkòkò aró ìyàwó mi ni mo ju láwàní sí, mo rò pé omi ọṣẹ ni."

Mísíbánì fọwọ́ bojú. Sábútì sún mọ́ Jásíbù títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan láwàní náà.

"Àwọ̀n ẹja ń bẹ lábẹ́ rẹ̀!" ó pariwo. "Ẹ wá wò ó, àwọ̀n ẹja!"

"Ẹní ni," Jásíbù dáhùn. Ẹnu rẹ̀ kò lè gbà á láyè.

"O fi àwọ̀ ilé Ànábì tàn wá!"

"Mo ti dákẹ́ ju bó ti yẹ lọ, mo gbà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí."

Àwọn ọmọ ìyá Sábútì ti ń bẹ̀rẹ̀ láti mú ìbọn wọn. Ìgbà yẹn ni Jásíbù fọwọ́ mú okùn dúdú orí rẹ̀, ó yọ ọ́, ó ṣí láwàní náà, ó sì jù wọ́n méjèèjì síwájú ẹsẹ̀ Sábútì.

Ohun tí ọkùnrin wa fi ń bẹ̀bẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Sàyídì kọ́ ló ni ín, ẹnikẹ́ni tó bá ní láwàní lè ṣe é. Bí ẹni tí a jù ú síwájú rẹ̀ bá gbé e padà sí ọ lórí, ó ti gba ẹ̀bẹ̀ rẹ. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ kọjá, o ó máa gbé orí lásán yẹn kiri láàrin ọmọ aráyé, ìjà á sì máa lọ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé aró ti mú orí náà. Orí pípá Jásíbù, tí kò sẹ́ni tó rí i rí yàtọ̀ sí àwa ẹbí rẹ̀, tutù yọ̀yọ̀ láti iwájú dé ìpàkọ́, ó ń dán nínú oòrùn bíi bàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín láàrin àwọn ará Sábútì. Ẹnìkejì wúkọ́. Ọkùnrin kan tó ti gbé ìbọn dé ìbàdí ní láti gbé e kalẹ̀ kó lè di ikùn mú.

Sábútì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ọmọ mi ti lé làálì," Jásíbù wí fún un, jẹ́jẹ́. "Ọ̀la ni. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè sọ."

"Wárídà ni orúkọ rẹ̀," Sábútì wí.

"Ọmọ mi? Rárá, Hásínà ni."

"Ẹfọ̀n mi! Mo máa ń kọrin fún un kó tó jẹ́ kí n fún wàrà. Kò sí ẹfọ̀n tó rẹwà tó o láti ibi dé ẹnu òkun. Wo ojú rẹ̀ báyìí. Wò ó! Ta ló máa bá mi bẹ̀ ẹ́?"

"Káyúnù á bẹ̀ ọ́."

"Ta ní ń sọ̀rọ̀ èmi? Òun ni mo ní kí ó bẹ̀!"

Gbogbo wa yíjú sí Káyúnù. Mísíbánì ti tì í síwájú. Ọmọ náà rìn dé ọ̀dọ̀ ẹfọ̀n, ó wò wá bí ẹni tó ń retí pé ẹnìkan á ní àwàdà ni. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Wárídà, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ó máa ṣẹ́."

Ẹfọ̀n náà sín sí i lójú.

"Ó ti gbọ́," Sábútì wí. Ó tẹ̀ ba, ó mú láwàní náà nílẹ̀. Kò kọ́kọ́ wé e fún Jásíbù. Ó lọ rì í bọ omi odò, ó fún un, ó tún rì í bọ̀ ọ́, ó tún fún un, aró ń ṣàn lọ lára omi, títí iṣẹ́ ọnà dúdú náà fi jáde gbangba. Lẹ́yìn náà ló wé e lé orí tútù yẹn fúnra rẹ̀, wíwọ́, ó sì tẹ okùn mọ́ ọn.

"Bó o ṣe rí nìyí," ó ní. "Ẹní tàbí àwọ̀n, ó kéré tán, tìẹ ni."

Mísíbánì pariwo pé kí wọ́n gbé kọfí wá.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, Jásíbù ní kí n yà lọ́dọ̀ obìnrin ẹlẹ́fọ̀n. Ó fẹ́ sọ òtítọ́ fún un kí oòrùn tó wọ̀. Àárín ọ̀nà ni a ti bá a, tí ó gbé abọ́ wàrà lọ́wọ́, tí ń ṣọ́ wa. Jásíbù kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀: òun kì í ṣe Sàyídì, ahunní ni òun, kí ó dárí ji òun.

Obìnrin náà gbọ́ ọ títí dé ìparí. "Ẹfọ̀n mi ò mọ ìyẹn," ó ní, ó sì gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́.

Mo ti rò ó títí lórí ẹní ìrun. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé nínú ìran Ànábì ni oore àdúà ń gbà, mo sì gbà á gbọ́ síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹfọ̀n náà ti fẹ́ tú wàrà rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kíá náà ni Ọlọ́hun ń gbọ́ lóòótọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ bi Í ní ohun tí àdúà tèmi ń dúró dè. N kò tíì bi Í. Mo mu nínú wàrà náà, ó dùn.

Ìgbéyàwó wáyé ní Àlàmísì. Àwọ̀ ewé kò kúrò ní iwájú orí Bàbá Hásínà, gbogbo ẹni tó wá kí i ku oríire ló ń fẹnu ko èjìká rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní Sàyídì, tí òun náà sì ń lé wọn kiri. Sábútì wá pẹ̀lú gbogbo àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ó mú Wárídà lọ́wọ́, ó fi aṣọ pupa wé ìwo rẹ̀ tó ṣẹ́, ó ní òun kò ní í fi í sílẹ̀ nílé kó máa ronú. Nígbà tí wọ́n mú Hásínà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tòun ti kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àwọn ọkùnrin ìhà méjèèjì yin ìbọn sí òkè fún ayọ̀. Ẹ̀rù ba Wárídà, ó já okùn, ó wọ inú eèsún lọ. Ni Sábútì bá fi ìka tọ́ka sí ọkọ ìyàwó. Káyúnù ká ẹ̀wù tuntun rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó wọ inú omi tẹ̀ lé e, Sábútì sì dúró létí odò, ó ń pariwo tẹ̀lé e pé, "Rọra o! Rọra! Má fọwọ́ kan ìwo!"